Ìkẹ́dùn Ẹgbẹ́ Wa lórí Ikú Ìyá Sọ-Ó-Yé-Mi, Ẹni tí Kò Gbà kí "Ó Ti Tán" Ní Ìtumọ̀ Méjì

Sí ọkọ olóògbé, sí ìyá tó bí i lọ́mọ, àti sí àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì,

Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn, àti pẹ̀lú ìbínú tí a kò ní fi aṣọ bò, ni ẹgbẹ́ àwa tí a ń kọ kókó ètò kọ̀ǹpútà fi ń kí yín pé ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú àmúmọ́ra. Àwọn ìwé bí irú èyí sábà máa ń bẹ ẹbí pé kí wọ́n gba f'Ọ́lọ́run. Ní ti ikú, a gbà fún Ọlọ́run. Ní ti ìwé tí ilé-iṣẹ́ tó gbà á síṣẹ́ lẹ̀ mọ́ ara ògiri lẹ́yìn ìsìnkú, a kò gbà fún ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tí ìkẹ́dùn yìí fi gùn ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fara dà á.

Ẹ ti rí ìwé náà. Ọmọ yín obìnrin, èyí tó jẹ́ àgbà, ló kọ́kọ́ rí i nínú yín, nítorí àwọn tí wọ́n jọ ń kọ́ iṣẹ́ yìí kan náà ló yà á sórí fóònù tí wọ́n sì fi hàn án. Ìwé náà sọ pé ẹ̀rọ ilé-ìwòsàn tó dáṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù tó kọjá, àṣìṣe "òṣìṣẹ́ wa kan tó ti di olóògbé" ló fà á. Wọn kò dárúkọ. Ṣùgbọ́n olóògbé mélòó ni wọ́n ní? Ọmọ náà wá bá wa ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́. A fún un ní àga, kò jókòó. Ó ní: "Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn mí o. Ṣé ìyá mi ló bà á jẹ́, àbí òun kọ́?"

Òun kọ́. Èsì tí a fún un lójú ẹsẹ̀ nìyẹn, òun náà sì ni a ń fún ẹ̀yin tó kù báyìí. Ohun tó kù nínú ìwé yìí ni bí a ṣe mọ̀.

Bàbá ọmọ, ẹ sọ fún wa lọ́jọ́ ìsìnkú pé pẹ̀lú gbogbo ọdún tí ẹ fi bá a gbé, ẹ kò lè ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni ohun tó ń ṣe lẹ́nu iṣẹ́. Kì í ṣe ẹ̀bi yín. Apá tó wà nísàlẹ̀ pátápátá nínú kọ̀ǹpútà ni kókó ètò jẹ́. Ẹnikẹ́ni kì í rí i, òun sì ni gbogbo nǹkan yòókù dúró lé. Kókó yìí pín ìrántí ẹ̀rọ sí ojú ewé, bí ẹni pín ìwé. Kì í ṣe gbogbo ojú ewé ló máa ń wà nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ètò kan bá na ọwọ́ sí ojú ewé tí kò sí níbẹ̀, kókó á dá a dúró, á wá rán ìránṣẹ́ kan pé kí ó lọ gbé e wá. Ìránṣẹ́ ni à ń pe àwọn kóòdù kéékèèké tó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Yóò lọ, yóò bọ̀, yóò sì jíṣẹ́: mo ti gbé e sí ipò rẹ̀, tàbí, àyè ti tán nínú ìrántí, tàbí, ibi tó nawọ́ sí yẹn kì í ṣe tirẹ̀, tàbí, ọ̀nà dí, kí ó padà wá. Ohun tí ìránṣẹ́ bá sọ ni kókó yóò gbà gbọ́. Kò ní ọ̀nà mìíràn tó lè fi mọ̀.

Iṣẹ́ ìyàwó yín ni láti ṣètò ohun tí àwọn ìránṣẹ́ wọ̀nyí yóò máa sọ bí wọ́n bá dé.

Nígbà tó dé ìdí iṣẹ́ náà, nọ́ńbà lásán ni gbogbo wọn ń mú bọ̀, oníkálukú pẹ̀lú èdè tirẹ̀. Nọ́ńbà kan náà lè jẹ́ ìròyìn ayọ̀ lẹ́nu ìránṣẹ́ kan, kí ó jẹ́ ìròyìn àdánù lẹ́nu òmíràn. Ẹni tó rán wọn níṣẹ́ ló máa wá jókòó tí yóò máa túmọ̀ fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń túmọ̀ rẹ̀ sódì. Àwọn mìíràn kì í túmọ̀ rẹ̀ rárá, wọ́n á kàn gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Lọ́jọ́ tó gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí ìpàdé, gbogbo wa la wà níjókòó. Ó dìde, ó ní: "Ẹ rán mi ní búrẹ́dì. Mo lọ, mo bọ̀, mo ní, 'Ó ti tán.' Kí ló tán? Ṣé iṣẹ́ tí ẹ rán mi ni, àbí búrẹ́dì?" Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá tó ń darí àwọn tó ń kọ ètò ní ilé-iṣẹ́ náà, ẹni tí a sọ ní Ọ̀gá Ó-Ti-Tó nítorí pé kò sí ohun tí ẹ máa gbé síwájú rẹ̀ tí kò ní sọ bẹ́ẹ̀, òun náà rẹ́rìn-ín. Ó ní: "Ìyá Sọ-ó-yé-mi, ọwọ́ yín ni màá wò. Bí mo bá rí búrẹ́dì, a jẹ́ pé iṣẹ́ ti tán. Bí mi ò bá rí i, búrẹ́dì ló tán. Ṣé torí ìyẹn la ṣe máa tún kókó kọ?"

Olóògbé kò rẹ́rìn-ín. Ó ní: "Ọ̀gá, ẹ̀yin lójú. Etí nìkan ni kókó ní."

Ohun tó ṣe lẹ́yìn ìyẹn ni a ń yìn ín fún. Ó dá irú èsì kan ṣoṣo sílẹ̀ fún gbogbo wọn, tí ìròyìn kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nínú rẹ̀, ó fún un ní orúkọ tirẹ̀, kò jẹ́ nọ́ńbà lásán mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ki nọ́ńbà mìíràn bọ àyè rẹ̀, ohun èlò tó ń yẹ kóòdù wò yóò pariwo kí ètò náà tó dìde rìn rárá. Lẹ́yìn náà ló mú àwọn ìránṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tún wọn kọ, kí oníkálukú wọn máa fi ẹnu ara rẹ̀ sọ èsì náà bí kókó ṣe fẹ́ gbọ́ ọ, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ògbufọ̀ láàárín mọ́. Ẹnìkan nínú wa tó fẹ́ràn òwe bá a jiyàn. Ó ní bí àyè bá tán, ó yẹ kí ìránṣẹ́ lo ọgbọ́n, kó ní kí wọ́n padà wá, nítorí bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Olóògbé ní: "Èèyàn ló ni òwe yẹn. Èyí kì í ṣọmọ ẹnikẹ́ni. Bó bá ṣe bá a ni kó ṣe sọ ọ́."

A kò ní parọ́ mọ́ òkú. Ẹnu rẹ̀ kì í rọ̀. Orúkọ tí a sọ ọ́ wá láti inú ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ sórí iṣẹ́ tó bá dá padà: Sọ ó yé mi. Kò sì sí ẹni tí kò dá iṣẹ́ rẹ̀ padà rí. Ilé-ìwé alẹ́ ni èmi akọ̀wé tí mò ń kọ ìwé yìí gbà dé ìdí iṣẹ́ yìí, lẹ́yìn tí mo bá ti nu àtẹ̀gùn ilé ńlá kan tán lójoojúmọ́. Ilé náà kò ní omi lókè, korobá la fi ń gbé e gòkè, mo sì mọ ìwúwo korobá náà di òní. Nígbà tó dá iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo gbé wá padà, mo rò pé ó ń fi aṣọ ọrùn mi ṣẹ̀sín ni. Mo tún un kọ, ó tún dá a padà. Nígbà tó yá ó fa àga rẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gé búrẹ́dì rẹ̀ sí méjì, ó ní: "Jẹun ná. Ebi kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohun tí ìránṣẹ́ ẹ̀ ń sọ." A jọ tún un ṣe. Ọ̀pọ̀ nínú ẹgbẹ́ yìí ló ní ìtàn tó jọ èyí, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbínú sí i.

Ní báyìí, ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ilé-ìwòsàn ṣe jẹ́.

Ó ti tún èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìránṣẹ́ kọ. Apá tó ń bójú tó dísìkì, ibi tí ẹ̀rọ ń kó nǹkan pamọ́ sí, ló kù. Ó ní kí wọ́n fún òun láyè láti parí rẹ̀. Ọ̀gá Ó-Ti-Tó wo ohun tó kù, ó ní ó ti tó, pé èyí tó kù ń ṣiṣẹ́, kò sì sí oníbàárà tó máa ra ohun tí kò ní rí lójú. Ó kó àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ náà lọ sídìí àwòrán ojú ẹ̀rọ, ibi tí oníbàárà ti máa rí àwọ̀ mèremère. Olóògbé bẹ̀bẹ̀ fún ohun kan ṣoṣo: kí a jẹ́ kí òun kọ ìkìlọ̀ sórí apá dísìkì náà, pé èsì tó ń bọ̀ láti ibẹ̀ kò tíì ṣeé gbọ́kàn lé. Wọ́n gbà, ó sì kọ ọ́. Nígbà tí ọjọ́ tí wọ́n máa ta ẹ̀rọ fún ilé-ìwòsàn ń sún mọ́lé, wọ́n pa ìkìlọ̀ náà rẹ́, nítorí kò ní dára lójú ẹni tó fẹ́ rajà. Èyí kì í ṣe àṣírí. Ojútáyé ni wọ́n ti pa á rẹ́, bí gbogbo àtúnṣe kókó ṣe máa ń rí, gbogbo wa la sì rí orúkọ ẹni tó ṣe é. Orúkọ ìyàwó yín kọ́.

Ní ilé-ìwòsàn náà, èrò pọ̀ lọ́jọ́ kan, ìrántí ẹ̀rọ sì kún. Ìránṣẹ́ apá dísìkì lọ wá ojú ewé, kò rí àyè tó máa gbé e sí. Ó padà, ó ní ó ti tán. Àyè ló ń sọ. Kókó gbọ́ pé iṣẹ́ ti tán. Ó sọ fún ètò tó ń dúró pé ojú ewé ti wà nílẹ̀. Ètò nawọ́, kò bá nǹkankan, ó tún ké sí kókó, kókó tún rán ìránṣẹ́, ìránṣẹ́ tún ní ó ti tán. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ náà ń sáré lójú kan, tó gbóná, tí kò kú, tí kò sì dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Àwọn aláìsàn tò sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ dé ẹnu àtẹ̀gùn. Àwọn nọ́ọ̀sì ń kọ orúkọ oògùn sára páálí.

Ilé-iṣẹ́ pe ìyàwó yín. Wọ́n mọ̀ pé dókítà ti ní kó lọ sinmi nílé nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Síbẹ̀, wọ́n pè é, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó mọ apá dísìkì náà, wọ́n ti kó àwọn tó mọ̀ ọ́n lọ sídìí àwọ̀ mèremère. Yàrá ẹ̀rọ wà lókè ilé-ìwòsàn náà, ẹ̀rọ agbéniròkè sì ti bàjẹ́. Ó fẹsẹ̀ gun àtẹ̀gùn náà. Ó rí ibi tó ti bàjẹ́, ó tún un ṣe, ẹ̀rọ padà sípò, àwọn aláìsàn sì bẹ̀rẹ̀ sí wọlé. Nọ́ọ̀sì tó bá a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn wá síbi ìsìnkú. Ó sọ fún wa pé bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó di ọwọ́ mọ́ àyà, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, mo sọ fún wọn." Kò tún dìde.

Bàbá ọmọ, wọ́n pè yín láti ọ́fíìsì pé ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni, kí ẹ mú aṣọ ìpààrọ̀ dání. Ẹ mú aṣọ, ẹ mú sálúbàtà rẹ̀, ẹ mú ọṣẹ tó fẹ́ràn. Ẹ gbé báàgì náà dé ibẹ̀, ó sì ti kú kí wọ́n tó pè yín rárá. A kò bínú sí ẹni tó pè yín. Wọn kì í já ọ̀rọ̀ ikú lu èèyàn lórí fóònù, ojú àánú ló sì fi ṣe é. Ó ń sunkún bó ṣe ń pè yín. Irọ́ tó wà lára ògiri wọn kò ní àánú nínú. Wọ́n jókòó, wọ́n rò ó, wọ́n tẹ̀ ẹ́ dáadáa, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́.

Ẹgbẹ́ rán àwọn aṣojú lọ bá wọn. Ọ̀gá Ó-Ti-Tó gbà wá tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, ó ní kí wọ́n fún wa ní omi tútù. Ó ní: "Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ ká fọgbọ́n ṣe é. Òkú kò níṣẹ́ tó máa bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Àwa tá a wà láàyè la ní." Kò tán síbẹ̀. Ó ní kí a jọ̀ọ́ fi gbólóhùn kan kún ìwé ìkẹ́dùn wa, pé ẹgbẹ́ ti dárí àṣìṣe rẹ̀ jì í. Àgbà wa tí à ń pè ní Bàbá Onígíláàsì, tí ẹ kò lè gbọ́ ohùn rẹ̀ láàárín ọdún, gbé omi tútù náà padà sórí tábìlì láìfẹnu kàn án. Ó ní: "Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ di ẹrù yìí. Ẹ wá ń wá orí òkú tẹ́ ẹ máa gbé e kà. A ò ní bá yín gbé e." A dìde lọ.

Nítorí náà, ẹ má wá gbólóhùn náà nínú ìwé yìí. Kò sí níbẹ̀. Kò sí ohun tí a fẹ́ dárí jì í.

Ohun tí ẹgbẹ́ pinnu rèé. Kò sí ọmọ ẹgbẹ́ yìí tí yóò yẹ iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà wò mọ́, kò sì sí ẹni tí yóò fọwọ́ sí i, títí wọn yóò fi lẹ ìwé mìíràn mọ́ ògiri kan náà, pẹ̀lú ìbuwọ́lùwé, tí yóò sọ ẹni tó ní kí iṣẹ́ náà dúró àti ẹni tó pa ìkìlọ̀ náà rẹ́. Àwọn kan nínú wa ń jẹun níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà ti sọ fún wọn pé kí wọ́n má padà wá. Wọ́n mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí kí wọ́n tó na ọwọ́ wọn sókè nígbà ìdìbò. A óò rí i pé wọ́n tún àwọn ìránṣẹ́ tó kù kọ tán, orúkọ rẹ̀ ni yóò sì wà lórí ètò náà gẹ́gẹ́ bí ẹni tó dá a sílẹ̀, níbikíbi tí wọ́n bá ti ń lo kókó yìí.

Apá dísìkì náà gan-an, ọmọ yín ló bèèrè fún un. A kọ́kọ́ kọ̀, a ní kó lọ sinmi, kó jẹ́ kí ọ̀fọ̀ fúyẹ́ díẹ̀. Ó wò wá, ó ní: "Kí n máa sinmi kí ẹlòmíràn máa parí iṣẹ́ ìyá mi? Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ ò kúkú mọ̀ mí." Ó ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá tún pè é ní ọmọ ẹni tó ba ẹ̀rọ ilé-ìwòsàn jẹ́, kí ó sọ fún wa. A óò bá ẹni náà sọ̀rọ̀ lójúkojú, kì í ṣe lára ògiri. Ní ti àbúrò rẹ̀ tó ṣì wà nílé-ìwé, ẹgbẹ́ kò ní fi ẹrù owó ilé-ìwé rẹ̀ sílẹ̀ fún bàbá rẹ̀ nìkan.

Màmá àgbà, ẹ di ọwọ́ wa mú lẹ́bàá sàréè, ẹ bi wá pé, "Ẹ̀rọ wo ló pa ọmọ mi?" Gbogbo wa dorí kodò, ẹnikẹ́ni kò dá yín lóhùn. Ẹ jẹ́ ká dá yín lóhùn nísinsìnyí. Ẹ̀rọ kọ́, Màmá. A kì í ṣe dókítà, a kò lè sọ ohun tó dá ọkàn rẹ̀ dúró. Ṣùgbọ́n a mọ àwọn tó gbé e gun àtẹ̀gùn náà, àwọn náà sì mọ̀ pé a mọ̀.

Ọlọ́run tó mọ bí ilé ṣe máa ń rí nígbà tí ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn wọlé lálẹ́ kò bá ṣí i mọ́, kí ó wá jókòó tì yín. Kí ó di Màmá mú, kí ó má jẹ́ kí ó sin ọmọ mìíràn. Kí ó fún bàbá ọmọ ní agbára láti tú báàgì náà lọ́jọ́ tí òun fúnra rẹ̀ bá yàn, láìsí ẹni tó ń kán an lójú. Kí ó jẹ́ kí àwọn ọmọ máa gbọ́ orúkọ ìyá wọn láìfọwọ́ bo ojú. Ìtùnú tí a ń tọrọ fún yín yìí, a kò tọrọ rẹ̀ fún àwọn tó fọwọ́ sí ìwé ara ògiri. A kò gégùn-ún fún wọn. A kàn ń bẹ Ọlọ́run kí ó fi wọ́n sílẹ̀ láìrí oorun sùn, títí wọn yóò fi fi ọwọ́ ara wọn já ìwé náà kúrò níbẹ̀.

Àmín.

Akọ̀wé ẹgbẹ́,
ní orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, àti ti àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí ti lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́.